Ibi tá a ti ń dúró ni òjò ti ń pa wá: ìrírí mi lọ́nà Adó sí Ẹ̀fọ̀n

Baṣírì l'Adó-Èkìtì ni mò ń gbé, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni mo ti ń ṣe tíṣà, jiógíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, gbogbo ọjọ́ tí ilé ìwé bá wà ni mò ń lọ tí mo sì ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé téèyàn bá ti kúrò l'Adó, á kọjá Ìyìn, á kọjá Ìgèdè níbi tí odò Ọ̀ṣun ti sun jáde, á kọjá Àrámọkọ àti Èrìò, lẹ́yìn náà ni mọ́tò á wá máa gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n, ojú ọjọ́ ò sì dọ́gba nínú gbogbo ìlú tí mo kà sílẹ̀ yìí. Oòrùn lè ti yọ ní Baṣírì kí òjò ṣì máa rọ̀ n'Ígèdè, ẹ dé Àrámọkọ ilẹ̀ gbẹ táútáú, ẹ wá dé òkè Ẹ̀fọ̀n kùrukùru ti bo ojú ọ̀nà débi pé dírẹ́bà á tan iná mọ́tò, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ nìyẹn o. Téèyàn bá wá dúró sójú fèrèsé ilé ẹ̀ kó tó mú aṣọ, ojú ọ̀run Baṣírì ló wò, kò tíì wo ibi tó ń lọ.

Fóònù mi máa ń sọ ojú ọjọ́ fún mi, mo sì máa ń wò ó, àmọ́ Adó ló ń sọ, kò mọ òkè. NiMet náà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún nípa ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa dáwọ́ dúró, ó wúlò gan-an fáwọn àgbẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí n mọ bí ọdún ṣe máa rí, ṣùgbọ́n ìyẹn ò lè sọ fún mi bóyá òkè Ẹ̀fọ̀n ṣú láàárọ̀ òní. Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ jù ni àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi tó ń gbé ní Ẹ̀fọ̀n gan-an. A ní grúùpù lórí WhatsApp, kí n tó wẹ̀ láàárọ̀ ẹnì kan á ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Òkè ṣú o, ẹ mú aṣọ òtútù dání" tàbí "Òkè mọ́ lónìí, ẹ máa bọ̀." Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tó. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tí kì í ṣe tiẹ̀, kó wá ẹnì kan níbẹ̀ tó máa bá a yọjú wo ojú ọ̀run.

Ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wá nìyí o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń múra fún mọ́tò. Wọ́n á ní "ṣebí mọ́tò ni mo máa wọ̀, kí ni mo fẹ́ fi reinkóòtù ṣe." Mọ́tò ní òrùlé, ó ní gíláàsì, òjò kì í pa èèyàn nínú ẹ̀. Ibi tá a ti ń dúró ni òjò ti ń pa wá. Ẹ wò ó, ìdúró etí títì kí mọ́tò tó dé, ìdúró gáréèjì nígbà tí dírẹ́bà ń pe èrò tí mọ́tò ò kún, ìdúró jọ́ńṣọ̀n ká tó rí ọ̀kadà, orí ọ̀kadà fúnra ẹ̀, àti ìrìn kékeré tó kù láti géètì ilé ìwé dé sítáàfù rúùmù. Téèyàn bá da gbogbo ẹ̀ pọ̀, kò pẹ́ tó àkókò tá a fi jókòó sínú mọ́tò, síbẹ̀ níbẹ̀ ni aṣọ ti ń tutù, níbẹ̀ ni ìwé ti ń bàjẹ́, níbẹ̀ ni otútù ti ń wọ egungun tó sì máa bá èèyàn dé kíláàsì. Torí náà ìdúró ni mò ń wọṣọ fún, ìdúró ni mò ń di báàgì fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òkè yẹn díẹ̀, torí àwọn kan máa ń rò pé àsọdùn ni pé Ẹ̀fọ̀n tutù. Béèyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń tutù, ó máa ń fi nǹkan bíi 6.5 degree Celsius tutù sí i fún 1000 mítà téèyàn bá gùn. Òótọ́ ni pé òkè tiwa ò ga tó 1000 mítà lórí Adó, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ téèyàn bá dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ. Àmọ́ ta ló ń dúró jẹ́ẹ́? Orí ọ̀kadà lèèyàn wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kùrukùru ti mú kí aṣọ rin díẹ̀, aṣọ tó bá sì ti rin, ooru ara ló máa ń fà jáde. Aṣọ tó tutù lára lórí ọ̀kadà láàárọ̀ kùtù lókè Ẹ̀fọ̀n, èmi mọ̀ pé ó ń gbọ̀n èèyàn ju ọyẹ́ Adó lọ.

Bí mo ṣe ń wọṣọ nìyí. Aṣọ tí mo fẹ́ fi kọ́ni ni mo máa ń wọ̀ sísàlẹ̀, kó má wúwo, kó sì jẹ́ èyí tó lè gba oòrùn ọ̀sán. Swẹ́tà ló máa ń wà lórí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó jẹ́ èyí tó ṣí níwájú, oníbọ́tìnnì tàbí onízíìpù. Mi ò fẹ́ swẹ́tà tí wọ́n ń bọ̀ láti orí rárá fún ìrìn àjò yìí. Ìdí ni pé mẹ́rin la máa ń jókòó sẹ́yìn nínú káà kékeré, méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, tí ooru bá wá dé torí wọ́n ti wín gíláàsì sókè nítorí òjò, kò sí bó o ṣe máa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bọ́ swẹ́tà láìgbá ẹni tó jókòó tì ọ́ lójú, swẹ́tà náà á sì tú irun ẹ ká. Onízíìpù ni, fà á sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, bó bá yá fà á sókè padà. Ẹ̀kẹta tó máa ń wà lórí gbogbo ẹ̀ ni reinkóòtù, ìyẹn ò sì kí ń wà lára mi láti ilé àyàfi tí òjò bá ti ń rọ̀, orí báàgì ló máa ń wà.

Ọ̀rọ̀ irú aṣọ náà ṣe pàtàkì. Ànkárá tá a fẹ́ràn yìí, òwú ni, àdìrẹ náà òwú ni, wọ́n dára gan-an lásìkò ooru torí wọ́n ń fa òógùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fa òógùn náà ni wọ́n ń fa omi òjò, wọn ò sì tètè gbẹ lára. Jíìnsì ló burú jù, tó bá ti mu omi ó ti di ẹrù, ìrọ̀lẹ́ lo máa bọ́ ọ nílé tó ṣì máa tutù. Láti June dé October, tó bá jẹ́ ọjọ́ tí mo mọ̀ pé òjò lè rọ̀, aṣọ tó ní pọliẹ́sítà nínú ni mo máa ń wọ̀ lọ, òun kì í mu omi púpọ̀, tó o bá gbọ̀n ọ́n nù tó o jókòó díẹ̀ ó ti gbẹ. Ànkárá mi á wà nínú báàgì tàbí níbi iṣẹ́. Bùbá funfun lábẹ́ ànkárá aláró, ìyẹn ò yẹ kó ṣẹlẹ̀ lásìkò òjò rárá, aró yẹn á ràn án.

Òjò wa pàápàá ò rí bákan náà láti oṣù dé oṣù, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ò ti fara balẹ̀ wò ó. Ti March, April dé May, òjò oníjì ni, á ṣú dùdù, ìjì á jà, àrá á sán, nígbà mìíràn yìnyín á bá a wá, kò sì ní pẹ́ tó fi máa dá. Agbòjò ò wúlò fún un, ìjì á yí i padà, irin ẹ̀ á ṣẹ́. Òrùlé ilé èèyàn ni kó o wá wọ̀ sábẹ́ ẹ̀, kó o dúró dè é kó lọ. Ti June, July àti September, òjò pẹ̀lẹ́ tí kì í fẹ́ dá ni, á rọ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ìyẹn lo máa nílò reinkóòtù àti aṣọ pààrọ̀ fún torí o ò lè dúró dè é. August ní tiẹ̀, òjò máa ń dín kù láàárín, inú ọ̀pọ̀ á dùn, wọ́n á yọ gbogbo nǹkan kúrò nínú báàgì, bẹ́ẹ̀ sì rèé August wà lára oṣù tí ọ̀sán ẹ̀ tutù jù lọ́dọ̀ wa, ìkùukùu máa ń bo oòrùn, òjò winniwinni á kàn máa sẹ̀ lókè. Ẹ dín reinkóòtù kù tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ má dín swẹ́tà kù.

Nǹkan kan wà nípa òjò oníjì tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn tá a jọ ń wọ mọ́tò. Láti ìlà oòrùn ló ti máa ń bọ̀, ìwọ̀ oòrùn ló ń lọ. Adó wà ní ìlà oòrùn Ẹ̀fọ̀n. Ìyẹn ni pé bá a bá ń bọ̀ wálé lọ́sàn-án, a kọjú sí ibi tí òjò ti ń bọ̀, a máa pàdé ẹ̀ lọ́nà ni, ó lè jẹ́ Àrámọkọ, ó lè jẹ́ Ìgèdè, àmọ́ torí pé a ń lọ tóun náà ń bọ̀, kíá la máa fi gba inú ẹ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ pé àárọ̀ ni irú òjò bẹ́ẹ̀ ṣú tá à ń lọ Ẹ̀fọ̀n, ẹ̀yìn wa ló wà, á máa tẹ̀ lé wa bọ̀, mọ́tò lè sáré jù ú lọ tó bá rí èrò kún kíá, ṣùgbọ́n tí dírẹ́bà bá dúró n'Íyìn, tó tún dúró n'Ígèdè, ó máa bá wa níbẹ̀. Tí mo bá ti rí i pé ọ̀nà Ìjàn, níhà ìlà oòrùn Adó, ṣú nígbà tí mo wà ní Baṣírì, mo ti mọ̀ pé reinkóòtù máa jáde nínú báàgì kí n tó kúrò níbi tí mo dúró sí.

Bákan náà, afẹ́fẹ́ tútù kan wà tó máa ń ṣáájú òjò yẹn. Ooru ń mú, lójijì afẹ́fẹ́ á yí, á tutù, eruku àti ọ̀rá á máa fò lójú títì. Ìgbà yẹn gan-an ni kó o wọ reinkóòtù ẹ. Ẹni tó bá ń retí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́, kó tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì, òjò ti dé èjìká ẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ní jọ́ńṣọ̀n tá a ti ń gun ọ̀kadà, wọn kì í wo òkè rárá, tí afẹ́fẹ́ yẹn bá ti fẹ́ wọ́n á ti máa kó igbá wọlé, wọ́n á pè mí, "Ọmọ mi, wá wọlé síbí o, ó ti dé." Wọn ò ṣì í sọ rí níṣojú mi.

Àrá ńkọ́? Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Tó o bá rí mànàmáná, bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìgbà yẹn títí wàá fi gbọ́ àrá. Ìró ń rin nǹkan bíi 340 mítà láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan, torí náà sẹ́kọ́ǹdì 3 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan. Tó ò bá kà tó 30 kó o tó gbọ́ ọ, ó ti sún mọ́ ẹ jù nìyẹn, wọ inú ilé tàbí inú mọ́tò tó ní òrùlé irin. Abẹ́ igi kọ́ o, bó ti wù kí ewé ẹ̀ pọ̀ tó, ẹ̀gbẹ́ òpó iná náà kọ́. Mo máa ń rí àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n á sá sábẹ́ igi máńgòrò nítorí òjò, ọkàn mi kì í balẹ̀. Ní ilé ìwé wa, a ti sọ ọ́ di nǹkan tá a máa ń sọ fún wọn lórí lain tí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún: ẹ jẹ́ kí òjò pa yín dé ilé tó sún mọ́ yín, aṣọ á gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ló kàn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ má ṣí agbòjò lórí ọ̀kadà. Afẹ́fẹ́ á fà á, ìwọ náà á tẹ̀ lé e, ẹni tó ń wa á ò sì ní ríran dáadáa. Reinkóòtù tó dára fún ọ̀kadà ni èyí tó ní ẹ̀wù àti sòkòtò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń tà á lọ́jà Ọba l'Adó àti ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọ̀kadà. Èyí tó dà bí àpò ńlá tí wọ́n kàn ń gbé kọ́rùn, tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dára fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, lórí ọ̀kadà afẹ́fẹ́ á gbé e sókè, omi táyà á sì ta sí ẹ lábẹ́, etí ẹ̀ sì tún lè wọ inú táyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ìró, ìborùn, etí gèlè, ohunkóhun tó bá ń fì bọ̀lọ́bọ̀lọ́, ẹ ká a, ẹ jókòó lé e, ẹ fi í sábẹ́ itan kí ọ̀kadà tó gbéra. Táyà tó bá gbá etí aṣọ mú, kì í ṣe aṣọ nìkan ló máa fà. Ọlọ́kadà tí mo máa ń gùn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní sùúrù ni, kó tó tẹ iná á kọ́kọ́ wẹ̀yìn, á ní "Mọ́mì, ẹ ti ká aṣọ yín?" Irú ọlọ́kadà bẹ́ẹ̀, téèyàn bá rí i, kó gba nọ́ńbà ẹ̀ kó sì máa fi owó ẹ̀ lé e lọ́wọ́ láìjiyàn.

Sòkòtò reinkóòtù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi sílẹ̀ sílé pé ẹ̀wù ti tó. Kò tó o. Omi tó ń rọ̀ láti òkè, ẹ̀wù lè gbà á, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí táyà ń ta sókè, orókún dé ẹsẹ̀ ló ń bá. Tíṣà tó bá dúró síwájú àwọn ọmọ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́yìn síkẹ́ẹ̀tì, gbogbo píríọ́dù yẹn ni ọkàn ẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀.

Irun náà, tá a bá ti dìrun tàbí lo wíìgì, ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo irun nílé ìwẹ̀ ni mo máa ń dé sábẹ́ ìborùn kékeré. Ó fúyẹ́, ó ń wọ àpò.

Báàgì wá kàn. Báàgì ẹ̀yìn ni mo máa ń lò, àmọ́ lórí ọ̀kadà àyà ni mo máa ń gbé e kọ́, kó wà láàárín èmi àti ọlọ́kadà, ẹ̀yìn ẹ̀ á gba òjò fún un. Mi ò kí ń jẹ́ kí wọ́n gbé e sí búùtù. Ẹ̀fọ́, gàrí, ẹja, epo, gbogbo ẹ̀ ló ń wọ búùtù mọ́tò wa, omi sì máa ń ráyè wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Orí itan mi ni báàgì mi máa ń wà.

Kò sí báàgì tí wọ́n pè ní "wọ́tà púrúùfù" tí mo gbọ́kàn lé. Zíìpù ni omi ń gbà wọlé. Inú báàgì ni kí ọ̀rá wà, ọ̀rá tó sì dára jù lọ fún un ò náni ní kọ́bọ̀, ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi ń di piọ́ wọ́tà ogún ni. Ó nípọn, kì í ya bọ̀rọ̀, tó o bá ká ẹnu ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó o fi rọ́bà dè é, omi ò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀kan fún ìwé, ìyẹn nóòtì ìkọ́ni àti ìwé ìdánwò àwọn ọmọ. Òmíràn fún aṣọ. Fóònù àti owó nínú ọ̀rá kékeré tiwọn. Màákì ọmọ èèyàn kọ́ ló yẹ kí òjò pa rẹ́, ọmọ yẹn jókòó, ó ronú, ó kọ ọ́, ọwọ́ mi ló fi í sí, bí mo ṣe ń rí i nìyẹn, torí náà ìwé ìdánwò ni mo máa ń kọ́kọ́ dì kí n tó di ohunkóhun tó jẹ́ tèmi.

Bí mo ṣe ń tò ó náà nídìí. Ohun tí mi ò ní lò títí màá fi dé ilé ìwé, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Oúnjẹ àti omi mímu máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí kúlà tó bá jò nínú báàgì náà òjò ni. Swẹ́tà tí mo bá bọ́ lọ́sàn-án máa ń wà lórí, reinkóòtù sì wà lórí gbogbo ẹ̀, kó jẹ́ pé ọwọ́ kan ni mo máa fi fà á yọ. Mo tún máa ń fi ọ̀rá òfìfo kan síbẹ̀, fún reinkóòtù tútù nígbà tí mo bá fẹ́ wọ mọ́tò. Ẹ̀kọ́ ilé wà níbẹ̀ náà, ẹni tó bá wọ reinkóòtù tó ń kán tòò jókòó ti ẹlòmíràn nínú káà ẹlẹ́ni mẹ́rin, ó ti pín òjò tiẹ̀ fún gbogbo èèyàn nìyẹn.

Bàtà ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàtà rọ́bà ni mo máa ń wọ̀ lọ, èyí tó ní okùn lẹ́yìn kó má bàa bọ́ lẹ́sẹ̀ lórí ọ̀kadà, bàtà aláwọ ti tíṣà wà níbi iṣẹ́. Tí bàtà aláwọ bá rin, ìwé ìròyìn ni kẹ́ ẹ rọ́ sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, kó wà níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ má gbé e súnmọ́ iná, awọ á sán.

Níbi iṣẹ́, mo ní ike onídèrí kan lábẹ́ tábìlì mi. Síkẹ́ẹ̀tì kan, bùláòsì kan, àwọ̀tẹ́lẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì kékeré, ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ, bàtà yẹn, àti káńfọ̀ díẹ̀. Ike onídèrí ni mo lò torí èkúté àti ọ̀rinrin. Ìparí tááàmù ni mo máa ń kó aṣọ inú ẹ̀ wálé fọ̀ tí mi ò bá tiẹ̀ lò ó. Kò sí nǹkan tó ń fi ọkàn mi balẹ̀ lórí ìrìn àjò yìí tó ike yẹn, bí òjò bá tiẹ̀ borí gbogbo ètò mi lọ́nà, mo mọ̀ pé aṣọ gbígbẹ ń dúró dè mí.

Ọyẹ́ wá ni apá tí mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, torí àwọn ọmọ. Láti ìparí November dé February, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn máa ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá, eruku tó ń gbé wá, púpọ̀ nínú ẹ̀ láti apá Chad ló ti ń bọ̀. Ó gbẹ, kò sí ìkùukùu lójú ọ̀run tó máa ká ooru ilẹ̀ mọ́ lóru, torí náà gbogbo ooru á fò lọ, àárọ̀ á tutù rinrin, tó bá wá di ọ̀sán oòrùn á gún èèyàn lórí. Aṣọ tó o wọ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ò ṣeé wọ̀ ní aago méjì. Ibi tí swẹ́tà onízíìpù ti wúlò jù nìyẹn. Swẹ́tà òkìríkà dára fún un, wọ́n nípọn ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ, kẹ́ ẹ ṣáà fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kẹ́ ẹ sá a sóòrùn kó tó kan ara. Ìborùn kan tó gùn máa ń wà lọ́rùn mi, màá fi bo imú nítorí eruku, màá fi bo orókún nínú mọ́tò, tí oòrùn bá mú màá fi bo orí. Òrí ni mo ń fi pa ètè àti gìgísẹ̀ kí n tó jáde, mo sì máa ń fi díẹ̀ kan etí ihò imú nínú, kì í jẹ́ kó máa ṣẹ̀jẹ̀. Gọ́ọ̀gù lórí ọ̀kadà, dandan ni, eruku Sàhárà pẹ̀lú eruku ojú títì kì í ṣe ọ̀rẹ́ ojú.

Àmọ́ àwọn ọmọ tó ní síkù sẹ́ẹ̀lì, tá à ń pè ní SS, àwọn ni mò ń rò jù lásìkò yìí. Otútù wà lára ohun tó máa ń fa kí egungun máa ro wọ́n, àìmu omi tó náà wà lára ẹ̀, ọyẹ́ sì kó méjèèjì wá lẹ́ẹ̀kan náà, torí òtútù kì í jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ọmọdé, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi ara ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa láti abúlé ni wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn wá, nígbà òjò ewé kókò ni wọ́n á fi borí, nígbà ọyẹ́ yúnífọ́ọ̀mù apá kúkurú ló wà lára wọn. Mo bá ọ̀gá ilé ìwé wa sọ ọ́, wọ́n sì gbà tọkàntọkàn, pé láti December dé February swẹ́tà tó bá wù kó jẹ́, kódà kó jẹ́ ti bàbá ẹ̀, ọmọ lè wọ̀ ọ́ lórí yúnífọ́ọ̀mù, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ní kó bọ́ ọ torí àwọ̀. Ẹ̀yin òbí tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ìbọ̀sẹ̀, swẹ́tà, fìlà, ògì gbígbóná kó tó jáde, àti ìgò omi nínú báàgì ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún tíṣà ẹ̀ pé SS ni. Ẹ má fi pamọ́ fún wa. Tá a bá mọ̀, a ò ní mú un dúró lórí lain nínú otútù, a ó sì jẹ́ kó máa jáde lọ tọ̀ bó bá ti ń mu omi. Àwọn tó ní asímà náà, ẹ bá wa sọ, kí ohun tí wọ́n ń fà símú wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe nínú dúróọ̀ nílé.

Ooru February àti March ò le fún ìmúra, aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, omi, fìlà. Kẹ́ ẹ kàn rántí pé òjò àkọ́rọ̀ lè já lu yín ní March láìsọ tẹ́lẹ̀, kí reinkóòtù má kúrò nínú báàgì.

Àbúrò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílé ìwé wa ní September tó kọjá, Adó lòun náà ti ń bọ̀. Owó oṣù àkọ́kọ́ ò tíì wọlé, ó ní "Àǹtí, mi ò lè ra gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ kà yìí, èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?" Mo ní kó ra reinkóòtù onísòkòtò ṣáájú, torí September la wà, òjò ṣì kù. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà, mo fún un ní mẹ́ta nínú tèmi lọ́jọ́ yẹn. Bàtà rọ́bà lè jẹ́ èyí tó ti ní nílé. Swẹ́tà lè dúró di òpin October, kó lọ ṣà á lọ́jà òkìríkà kí ọyẹ́ tó dé, torí tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ wọ́n á fowó lé e. Ike onídèrí, mo ní kó máa fi aṣọ tiẹ̀ sínú tèmi títí táá fi ra tiẹ̀, àyè ṣì wà níbẹ̀.